Ọrùn Aṣọ Kọkànlá

"Dá a dúró níbẹ̀ yẹn," ni Mùjíbátù wí. "Fẹ̀ ẹ́, kí n rí ọrùn rẹ̀ dáadáa."

Olúfúnmi fi ìka méjì fẹ ojú fóònù náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, ó háyà yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí Mùjíbátù ti ń ránṣọ ní Ajibode, òun náà ló sì kọ́kọ́ gbé ohùn aránṣọ náà sáyé ní ọdún méjì sẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, búláòsì rẹ̀ ló wá gbà, ó bá Mùjíbátù níbi tó ti ń wo àwọn aṣọ tí àwọn dìsáínà ìlú òyìnbó gbé jáde lórí fóònù, tó ń dá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aládùúgbò jà. Olúfúnmi gbà á sílẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, ó fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn tí kò mọ ọ̀nà Ajibode rí ti ń tẹ́tí sí Mùjíbátù l'Ékòó àti ní London. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń ṣe é. Wọ́n sọ ètò náà ní "Ojú Abẹ́rẹ́". Bí àwọn dìsáínà bá ti kó aṣọ tuntun jáde, Olúfúnmi á gbé fóònù ti orí máṣíìnì, Mùjíbátù á jókòó, á wò ó, á sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Aṣọ ìgbà ìrúwé ló délẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Oṣù Ọ̀wàrà ni, òjò ìkẹyìn ń fọ ilẹ̀ Akínyẹlé, ẹrẹ̀ ọ̀nà ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí Mùjíbátù kọ́kọ́ fi ṣẹ̀sín nìyẹn. Ó ní ewé ń wọ́ lórí igi òyìnbó lọ́wọ́lọ́wọ́, àwọn dìsáínà wọn ti ń pe ènìyàn wá wo aṣọ ìrúwé. Ó ní wọ́n jọ àgbẹ̀ tó ń pín àgbàdo tí kò tíì gbìn. Lẹ́yìn náà ló wá mú aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kóòtù funfun kan wà láti Paris tí ìyẹ́ ẹyẹ bò láti ọrùn dé kókósẹ̀. Ó ní ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ jókòó, kò gbọdọ̀ gbé ọmọ, kò gbọdọ̀ pàdé òjò. Aṣọ tí kò bá fẹ́ kí ènìyàn wà nínú òun, ara ògiri ni kí wọ́n gbé e kọ́. Ó dé orí kaba aláwọ̀ ọsàn kan láti Milan. Ó ní kí Olúfúnmi tún un gbé. Ó wo bí wọ́n ṣe yí àlùmọ́gàjí sí èjìká rẹ̀, ó ní ẹni tó gé èyí mọ ara obìnrin bí ìyá ti ń mọ orí ọmọ rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kì í yin ohun tí kò dára, kì í sì í tàbùkù ohun tó dára nítorí ẹ̀rín. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Òun náà mọ̀ ọ́n. Bóyá ó tilẹ̀ ti mọ̀ ọ́n jù.

Aṣọ Ọlọ́runfúnmi ló kàn. Dìsáínà ọmọ Yorùbá ni, Èkó ló ti ń ṣe àfihàn aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Akóbọ̀ ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ọwọ́ rán ohun tí máṣíìnì kò lè rán. Kaba méjìlá ló gbé jáde. Kò wo ìrúwé àwọn òyìnbó rárá. Ewé tó ń yọ nílẹ̀ wa lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ló wò. Àwọ̀ ewé iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí wà níbẹ̀, àwọ̀ màrìwò wà níbẹ̀, ti ewé àgbàdo tí òòrùn kò tíì rí dáadáa náà wà. Mùjíbátù yìn ín títí. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun máa rí aṣọ ìrúwé tí òun mọ igi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aṣọ kọkànlá jáde, ó pupa rúsúrúsú bí ewé kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ìṣẹ́po wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ rán sì yí ọrùn rẹ̀ ká. Ibẹ̀ ló ti ní kí Olúfúnmi dá a dúró.

Rírán náà kò tọ́. Ìṣẹ́po márùn-ún àkọ́kọ́ dúró ṣánṣán, ìkẹfà gun orí ìkeje, láti ibẹ̀ lọ òwú náà ń yà síhìn-ín ó ń yà sọ́hùn-ún bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí. Ohun kan tún wà níbẹ̀. Apá òsì ni gbogbo ìṣẹ́po náà dojú kọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún ni aránṣọ máa ń dà á sí. Nǹkan kan ta Mùjíbátù láyà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ ohùn ẹni tó mọ̀ láàárín èrò ọjà Ṣáṣá. Bó bá yíjú, á rí olúwarẹ̀. Ṣùgbọ́n Olúfúnmi ti sún fóònù mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń retí, ọ̀rọ̀ náà sì ti dùn lẹ́nu Mùjíbátù kó tó jáde.

"Ẹni tó rán ọrùn aṣọ yìí," ló wí, "nínú méjì, ọ̀kan ni. Bóyá kò ríran, bóyá kò náání. Bí kò bá náání, kí wọ́n lé e. Bí kò bá ríran, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ dé ilé."

Olúfúnmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti kárí. Wọ́n fi ń dá ara wọn lóhùn lórí fóònù. Ẹni tí kò fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ rí ń sọ nípa ẹni ẹlẹ́ni pé kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ dé ilé.

Ní ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, Àyànfẹ́ pè é.

Àyànfẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ìbídùnní bí, Ìbídùnní sì ni ọ̀gá tó kọ́ Mùjíbátù níṣẹ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Mùjíbátù lò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Mọ́níyà. Àyànfẹ́ ń rákòrò nígbà náà, Mùjíbátù ló máa ń pọ̀n ọ́n bí ọ̀gá bá ń gé aṣọ. Àyànfẹ́ ti di olùkọ́ ilé ìwé báyìí. Ó ti lé lọ́dún kan tí Mùjíbátù ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kẹ́yìn. Òkìkí ti gba àkókò rẹ̀. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni pé ìyá náà ti pa ṣọ́ọ̀bù Mọ́níyà tì, ó ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ lápá Lágelú. Kò béèrè àwọn wo.

"Àǹtí Mùjí, ẹ kú iṣẹ́," ni Àyànfẹ́ wí. Kò béèrè ọmọ, kò béèrè ọkọ. Ó ní òun fẹ́ kí Mùjíbátù gbọ́ ọ láti ẹnu òun ni. Láàárọ̀ àná, Ọlọ́runfúnmi kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ ní Akóbọ̀, màmá òun náà wà láàárín wọn, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n gbọ́ ohun tí aráyé ń sọ nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

"Màmá mi ló kọ́kọ́ dá ohùn yín mọ̀," ni Àyànfẹ́ wí. "Àwọn tó jókòó tì wọ́n ló sọ fún mi. Wọ́n ní màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, 'Ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn.' Màmá tún ní kí gbogbo wọn dákẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ wá sọ èyí tó kù."

Mùjíbátù wá ibi jókòó, kò rí i, ó fara ti máṣíìnì. "Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, Àyànfẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ burú ju èébú lọ. Ó ní wọ́n dá màmá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ó ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí agbo ilé wọn ní Ìjàyè, kò sì gbé fóònù ẹnikẹ́ni. Ó kí Mùjíbátù pé ó dàbọ̀, ó pa ìpè náà.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Ìbídùnní. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló mọ ìtàn náà: bí ìyá bàbá rẹ̀ ṣe máa ń fi ọ̀já di ọwọ́ òsì náà mọ́ ọn lẹ́yìn ní kékeré, kó má baà fi na nǹkan sí àgbà, àti bó ṣe jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan abẹ́rẹ́, ọwọ́ yẹn kan náà ló ń mú un. Òsì ni ìṣẹ́po rẹ̀ máa ń dojú kọ. Mùjíbátù ti fi ọdún mẹ́rin wò ó láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Mikail, ọkọ rẹ̀, ó fi kún un pé òun kò mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀gá òun ni. Mikail ní kò sí ẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà, pé ẹni tí kò mọ̀ kò lẹ́ṣẹ̀. Ó gbà á gbọ́ láìjanpata. Ìyẹn gan-an ló wá dùn ún.

Ọlọ́runfúnmi fúnra rẹ̀ wá sí Ajibode ní Tọ́sìdeè. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lókè nítorí ẹrẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn wá, bàtà rẹ̀ kún fún amọ̀, kò sì bínú. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ó kí Mùjíbátù, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ní òun wá dúpẹ́ ni. Ó ní gbogbo ènìyàn ló yin òun lẹ́yìn àfihàn náà, Mùjíbátù nìkan ló sọ òótọ́. Ó ní àwọn oníbàárà láti òkè òkun ti fẹ́ ra kaba méjèèjìlá, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí wọ́n tú ọrùn aṣọ díẹ̀, kí wọ́n tún un rán. Ẹni tí yóò máa darí àwọn tó ń fi ọwọ́ ránṣọ ni òun ń wá, òun kò sì fẹ́ ẹlòmíràn.

Mùjíbátù bi í bóyá ó mọ ẹni tí ìyá tó lé jẹ́ sí òun.

"Mo mọ̀, mà," ni Ọlọ́runfúnmi wí. "Wọ́n sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti kọ́ṣẹ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dá mi lójú. Bí ẹ bá lè sọ òótọ́ nípa ọ̀gá yín lójú gbogbo ayé, kò sẹ́ni tí ẹ máa wojú rẹ̀."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò mọ ohun tó sọ. Mùjíbátù ní kó fún òun láyè di ọjọ́ Sọ́ńdè láti ronú. Bó ṣe ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà tó ń gòkè lọ, ó ti pinnu ohun tó máa ṣe: á lọ sí Ìjàyè, á kúnlẹ̀, á kọ iṣẹ́ náà, á sì jáde lórí "Ojú Abẹ́rẹ́" láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lójú gbogbo ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Bó ṣe tò ó lẹ́sẹẹsẹ báyẹn, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ló lọ. Ó wọ ọkọ̀ dé Mọ́níyà, ó gun ọ̀kadà láti ibẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, àgbàdo ìkẹ́ẹ̀rẹ̀ lósì, títí wọ́n fi wọ Ìjàyè. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti bá Ìbídùnní, ó jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Kò wo ẹ̀gúsí náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń mú un, ó ń fọ́ ọ, ó ń ju èèpo sọ́tùn-ún, bí ẹni pé iṣẹ́ náà ń ṣe ara rẹ̀.

Mùjíbátù kúnlẹ̀ sínú àgbàlá. "Ẹ káàsán, mà."

Ìbídùnní gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Mùjíbátù wà, kò kan án gan-an.

"Ohùn yẹn," ló wí. "Ó ti tún dé. Dìde nílẹ̀, ilẹ̀ tutù."

Mùjíbátù kò dìde. Ó bẹ̀bẹ̀ bó ti mọ̀ ọ́n bẹ̀. Ìbídùnní ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè Mikail, ó béèrè bóyá ọ̀nà Mọ́níyà ti dára. Nígbà tí Mùjíbátù wá gbé àpótí kejì, tó jókòó, ni ìyá náà sọ fún un. Ojú òsì ti lọ láti bí ọdún méjì. Ọ̀tún tó kù, bí ẹni ń yọjú wo ayé láti ihò kọ́kọ́rọ́ ló rí. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò ní padà, kí ó máa kán oògùn sí i kí èyí tó kù má baà tètè bá a lọ. Ìdí tó fi pa ṣọ́ọ̀bù Mọ́níyà tì nìyẹn, nítorí kò lè gé aṣọ mọ́. Ó wá ibi tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n ní kó mú, nítorí abẹ́rẹ́ kò fẹ́ ojú lọ́dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Kò sọ fún ọ̀gá ibẹ̀. Ta ni yóò sọ irú rẹ̀?

"Mi ò rí àwọn aṣọ náà rí," ni Ìbídùnní wí. "Ọrùn nìkan ni wọ́n máa ń gbé fún wa. Wọn ò pè wá sí Èkó nígbà tí wọ́n wọ̀ wọ́n. Ìwọ ti rí wọn. Sọ fún mi bí wọ́n ṣe rí."

Mùjíbátù bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn aṣọ náà dára gidigidi, pé gbogbo ènìyàn ló ń pàtẹ́wọ́, pé ọrùn tí òun sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn pàápàá, bí kì í bá ṣe pé ènìyàn sún mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ọwọ́ Ìbídùnní dúró lórí ẹ̀gúsí. "Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

"Rárá, mà."

"Sọ ọ́ bí o ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn tí kò mọ̀ ẹ́."

Mùjíbátù bá tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ kìíní. Ó ní aláwọ̀ ewé iṣu ni, ọmọbìnrin dúdú gíga kan ló wọ̀ ọ́, ọrùn rẹ̀ jókòó lé e lára bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti hù. Ó ní ìkejì gùn jù, ó ń gbálẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ ń bẹ̀rù ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìkẹta ni òun fẹ́ràn jù: màrìwò tí wọ́n fà ya tín-ín-rín láti ìbàdí wálẹ̀, bí ọmọ náà ṣe ń rìn ló ń ṣí tó ń pa dé, ọrùn rẹ̀ sì ga, ó le, ìṣẹ́po rẹ̀ kò mì. Ìbídùnní gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń gbọ́ orin láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà mìíràn á dá a dúró. Ṣé ìṣẹ́po yẹn dùbúlẹ̀ àbí ó wú? Ó dùbúlẹ̀, mà. Ti ìkarùn-ún ńkọ́, mo rán an lẹ́ẹ̀mejì. Ti ìkarùn-ún mọ́ jù lọ, mà. Nígbà tí wọ́n dé orí ìkẹsàn-án, Mùjíbátù ní abẹ́rẹ́ fo ibì kan lẹ́yìn ọrùn. Ìyá náà mi orí. Ó mọ ibẹ̀.

"Ìkọkànlá," ló wí.

"Ó pupa bí ewé kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, mà. Gígé rẹ̀ dára. Ìṣẹ́po márùn-ún tọ́. Ìkẹfà gun orí ìkeje. Láti ibẹ̀, kò rí ara rẹ̀ gbà mọ́ títí dé ìdí ọrùn."

"Iná lọ nígbà yẹn," ni Ìbídùnní wí. "Ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n ń ní ká ṣe kíá. Ìka mi sọ fún mi pé ó ti yà. Mo ní ó máa fara sin." Ó mú ẹ̀gúsí kan, kò bó o, ó ń yí i láàárín ìka rẹ̀. "Mùjíbátù. Nígbà tí o rí i, ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ mi ni?"

Ewúrẹ́ kan gba àárín àgbàlá kọjá. Irọ́ tó pa fún Mikail wà nítòsí, ó ti gbó dáadáa, ó rọrùn-ún mú.

"Mo fura, mà. Mo rí i pé òsì ló dojú kọ. Mo gbójú kúrò."

"Nítorí kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ náà ti dùn lẹ́nu mi."

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ibì kankan. "Bí o bá ní rírán náà kò dára, o parí iṣẹ́ rẹ. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n o ní kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́ dé ilé. Aṣọ kọ́ lò ń wò nígbà yẹn."

Mùjíbátù ní òun á jáde, òun á tọrọ àforíjì lójú gbogbo ènìyàn, òun á sọ pé ọ̀gá òun ni, pé àìsàn ojú ni, pé òun ló ṣẹ̀.

"O ò ní ṣe bẹ́ẹ̀," ni ìyá náà wí. "Àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ kò mọ̀ mí. O fẹ́ wá dárúkọ mi fún wọn, kí o sọ ojú mi fún wọn, kí wọ́n lè ní ìwọ ṣèèyàn. Omi mi ni wàá fi wẹ ara rẹ. Dákẹ́."

Ó wá ku ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ Mùjíbátù, ó fi í síwájú rẹ̀ bí ẹ̀bùn. Ó ní Ọlọ́runfúnmi ti fi ipò náà lọ òun, òun kò sì ní gbà á láéláé. Ìbídùnní padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀, ó bó bíi mẹ́wàá.

"Obìnrin mẹ́ta wà níbẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Mo ń kọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣẹ́ ẹ, wọn ò tíì mọ bí a ṣe ń fà á kó má fún aṣọ lọ́rùn. Bí o bá kọ̀ ọ́, wọ́n á mú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Gbà á."

"Ọ̀gá mi, mi ò lè jókòó sí àyè yín."

"O ti lé mi kúrò níbẹ̀. Ta ló tún kù tó máa jókòó síbẹ̀?"

Kò gbóhùn sókè. Ó ní òjò ń bọ̀, òun ń gbọ́ òórùn rẹ̀, kí Mùjíbátù tètè máa lọ kí ọ̀nà tó bàjẹ́. Mùjíbátù tún kúnlẹ̀. Ó ní, "Ó dàbọ̀, ọ̀gá mi."

"Ìyá Àyànfẹ́ ni wọ́n ń pè mí níbí," ni Ìbídùnní wí.

Ọjọ́ kejì, Olúfúnmi gbé fóònù wá, inú rẹ̀ ń dùn. Àwọn dìsáínà òyìnbó mìíràn ti kó ti wọn jáde, àwọn tó ń wo "Ojú Abẹ́rẹ́" sì ti ń béèrè. Mùjíbátù ní kó má gba ohùn sílẹ̀. Ó kàn fẹ́ wò wọ́n. Ó wo aṣọ bíi méjìdínlógún: síliìkì aláwọ̀ ojú ọ̀run, kóòtù tí wọ́n fi òdòdó yí lọ́wọ́, kaba kan tó rí bí ìkùukùu. Bó bá ti dé ọrùn, ọwọ́ ló ń rí. Ó ń rò ó pé ta ló rán an, níbo, kí ni wọ́n jẹ láàárọ̀, ta ló ń ní kí wọ́n ṣe kíá. Kò rí aṣọ kankan dá lẹ́jọ́. Olúfúnmi béèrè pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn ló pe Ọlọ́runfúnmi.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó dé Akóbọ̀. Yàrá gígùn kan ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn, àwọn kaba méjìlá náà wà lórí igi ìkọ́ṣọ. Àwọn obìnrin mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì. Wọ́n dáhùn ìkíni rẹ̀ bí òfin ṣe ní kí wọ́n dáhùn. Àga kẹrin ṣófo, tìmùtìmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí rẹ̀ tó ti fọ́ mọ́ ìdí ẹni tó ń jókòó síbẹ̀. Ọlọ́runfúnmi sọ ìwọ̀nba ohun tó ní í sọ, ó fi wọ́n sílẹ̀.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ń jẹ́ Kaothar. Ó gbé àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ogún abẹ́rẹ́ la máa ń fi òwú bọ̀ fún màmá láàárọ̀, kí wọ́n tó dé," ló wí. "Kò sẹ́ni tó rán wa. Màmá ò sì bi wá rí." Ó wo Mùjíbátù lójú. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́ dé ilé?"

Àlàyé pọ̀ lẹ́nu Mùjíbátù. Ó ti gbé wọn bọ̀ láti Ajibode, wọ́n sì jẹ́ òótọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Èmi ni," ló wí.

Kaothar retí èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ló mú àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó padà sí iṣẹ́. Mùjíbátù gbé aṣọ kọkànlá kúrò lórí igi ìkọ́ṣọ. Ó fa àga náà sún mọ́ fèrèsé, ó jókòó sórí tìmùtìmù, kò bá ara rẹ̀ mu. Ó ní kí wọ́n wá wo bí a ṣe ń tú u kí aṣọ má ya. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó mú abẹ tín-ín-rín, ó fi ìka wá ibi tí ìṣẹ́po kẹfà ti bẹ̀rẹ̀, ó fi márùn-ún àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn wọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú èyí tó kù, òwú kan lẹ́yìn òmíràn.